Ohùn Mẹ́tàlélógójì Nínú Àpótí Dúdú

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà

Nọ́ọ̀sì ní kí a máa kọ ohun tí ìyàwó mi bá jẹ, bó ṣe sùn, àti bó ṣe wúwo tó, títí di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Èmi kò mọ̀wé. Oko ni bàbá mi fi mí sí, kì í ṣe ilé ìwé. Àbúrò ìyàwó mi, tó fi ọgbọ̀n ọdún tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kó tó fẹ̀yìntì, ló ń bá wa gbé báyìí. Èmi ń sọ, òun ń kọ. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tó bá jáde lẹ́nu mi ni kó kọ, kó má fi ọwọ́ ọ́fíìsì tún un ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, oúnjẹ àti oorun ni nọ́ọ̀sì wí. Kò ní kí ẹ ka ìtàn ayé yín sílẹ̀."

"Kọ ọ́."

Ó kọ ọ́.

Kílò mọ́kànléláàádọ́ta. Omi ọbẹ̀ abọ́ kan. Ẹyin rírọ̀ kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan kó tó gbé e mì. Ọjà la ti ra ẹyin náà, owó rẹ̀ sì ti lọ sókè. Adìyẹ mẹ́sàn-án ń jẹ lẹ́yìnkùlé wa, kò sí èyí tó ń yé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje, ni wọn yóò ṣe é. Dókítà fi ìka kan ọ̀fun ara rẹ̀ láti fi hàn wá: wọn yóò yọ àpótí ohùn pẹ̀lú kókó tó so mọ́ ọn, yóò sì máa mí láti ojú ihò kan lọ́rùn. Mo bi í pé ìgbà wo ni ohùn yóò padà. Ìyàwó mi ló wò, kò wo èmi.

"Bàbá, kò ní padà."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

Ọmọ wa tó wà lókè òkun pè. Ó ní kí a máa gba ohùn ìyá òun sílẹ̀ sórí fóònù mi lójoojúmọ́, nígbà tó ṣì wà. Ó ti fi háàdì díráìfù kan, àpótí kékeré tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí, rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé.

"Bàbá, tí fóònù bá kún, kí Àǹtí kó o sínú kọ̀ǹpútà wọn, kí wọ́n tún kó ẹ̀dà rẹ̀ sínú díráìfù. Kó wà níbi méjì, ó kéré tán. Kí wọ́n sì fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí èmi náà."

Mo ní mo gbọ́. Ẹni tó gbọ́ kò tíì gbà.

Ó sùn díẹ̀. Ó wúkọ́ púpọ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

A bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó lórí ibùsùn, mo di fóònù mú síwájú ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fún ọmọ lóògùn. Ó ń tijú. Ó ní kí ni kí òun sọ. Mo ní kó pe àwọn ọmọ lórúkọ bó ṣe máa ń pè wọ́n tí inú bá bí i. Ó pè wọ́n. Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bá àwọn adìyẹ jà bó ṣe ń bá wọn jà láràárọ̀, ó sì kọ orin tó fi ń pọn ọmọ, ṣùgbọ́n kò dé ìparí rẹ̀.

Ohùn rẹ̀ ti há. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Díráìfù dé lánàá, fóònù sì kún lónìí. Ohùn mẹ́tàdínlógún. Nǹkan náà kò ju páálí sìgá lọ, ó dúdú, iná kékeré kan ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó kó o sínú díráìfù, ó wá pa ti orí fóònù rẹ́ kí àyè lè wà. Mo ní kó pa ti inú kọ̀ǹpútà náà rẹ́.

"Kí ló dé, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ṣé kì í ṣe kọ̀ǹpútà yìí lo fi ń tẹ ìwé ìkésíni fún gbogbo àdúgbò? Ṣé kì í ṣe iwájú rẹ̀ ni àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ ń tò sí bí ẹyẹlé?"

"Wọn ò ní fọwọ́ kàn án."

"Ohùn ìyàwó mi kì í ṣe rédíò."

"Ibi méjì ni ọmọ yín wí."

"Èmi ni mo bí ọmọ mi, òun kọ́ ló bí mi."

Ó bojú wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó bá a dá sí i. Ìyàwó mi gbé èjìká. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta la ti jọ wà; kò ní fi ọ̀fun tó ń dùn ún bá mi jiyàn. Mo dúró lẹ́yìn àga títí gbogbo rẹ̀ fi kúrò lójú kọ̀ǹpútà. Àbúrò rẹ̀ wá jẹ́wọ́ pé wọ́n ṣì wà nínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí kan níbẹ̀. Mo ní kó da apẹ̀rẹ̀ náà nù. Ó bi mí nípa fífi díẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun. Mo ní ohun tó bá gba ojú sánmà kọjá, kò sí ẹni tó mọ etí tó máa kọ́kọ́ bà lé.

Ó ní òun fẹ́ kó wà nínú ìwé pé òun kìlọ̀. Mo ní kó kọ ọ́. Òun nìyí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Òjò ṣú, kò rọ̀. Kílò àádọ́ta.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Mo ti rí ibi tí díráìfù yóò máa gbé. Aáyán wà nínú dúrọ́ọ̀, eku wà lábẹ́ ibùsùn, ojú fèrèsé ni olè ń fi ojú sí. Ibi tí mo gbé e sí gbẹ, ó ga, kò sì sí ohun abẹ̀mí tó lè dé ibẹ̀. N kò ní sọ ọ́ nínú ìwé yìí, nítorí ẹni tó ń kọ ọ́.

Ẹni tó ń kọ ọ́ ní òun kò bínú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Nọ́ọ̀sì wá. Kílò mọ́kàndínláàádọ́ta. Ó fi iná wo ọ̀fun rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, kò sì ṣe àwàdà kankan, bẹ́ẹ̀ aláwàdà ni. Ó ní kó máa fa ooru omi gbígbóná símú láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ooru yóò dẹ ọ̀nà ọ̀fun. Gáàsì wọ́n, nítorí náà igi ni mo fi ń dáná. Mo ti la igi ọ̀sẹ̀ kan jọ sí ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé. Èmi fúnra mi ni n ó máa se omi náà. Kí ẹlòmíràn má wọ ibẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, láti ìgbà wo lẹ ti fẹ́ràn ìdáná?"

Mo ní kó máa kọ̀wé.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ ogún

A tún kó ohùn mẹ́rìnlá sínú díráìfù, ó di mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kí àbúrò ìyàwó mi tó so wáyà mọ́ ọn, ó gbé e sí imú.

"Èéfín ni mò ń gbọ́ yìí?"

"Imú rẹ ni."

"Ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹyin abẹ́ adìyẹ."

"Ayé ń gbóná. Ṣe iṣẹ́ rẹ."

Ó ṣe é. Ó pa ti fóònù rẹ́. Nǹkan náà ṣiṣẹ́ láìṣe wàhálà, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. N kò rí ohun tí ariwo wà fún.

Lónìí, ìyàwó mi sọ ìtàn bí a ṣe pàdé lójú odò tí wọ́n ń da afárá lé, tí mò ń po símẹ́ǹtì, tó ní kí n gbé ẹsẹ̀ mi kúrò lórí aṣọ òun. Ó sinmi ní ìgbà mẹ́rin kó tó parí rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń ha ni létí báyìí, bí ewé gbígbẹ tí a fà lórí símẹ́ǹtì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlélógún

Òjò kò rọ̀. Adìyẹ méjì kú láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán. N kò sọ fún un.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Kílò mẹ́tàdínláàádọ́ta. Omi ọbẹ̀ nìkan. Nọ́ọ̀sì ní láti òní lọ kó má sọ̀rọ̀ mọ́, ọ̀fun ti wú jù. Tó bá fẹ́ nǹkan, kó nawọ́ sí i. Nítorí náà ohùn méjìlá tó wà lórí fóònù ni ìkẹyìn. A kó wọn sínú díráìfù. Mẹ́tàlélógójì lápapọ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, nǹkan náà falẹ̀. Ó gbóná dé ibi tí àbúrò rẹ̀ fi aṣọ dì í mú. Lẹ́ẹ̀kan, ohun kan dún nínú rẹ̀, kẹ́, bí ìgbà tí ikán bá ń jẹ igi àjà. A wo ara wa. Kò dún mọ́. Ó kó gbogbo rẹ̀ tán, a pa ti fóònù rẹ́ bí a ṣe ń ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́."

Mo ní a ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn tán.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù keje

Àná ló yẹ kí a kọ èyí. Àbúrò ìyàwó mi kọ̀, kò fọwọ́ kan kálàmù. Òní ló tó jókòó, ó sì ní bí òun ṣe gbọ́ ọ ni òun yóò kọ ọ́.

Ọmọ wa pè lánàá, ó ń sunkún. Ó ní òun kò tíì gbọ́ ohùn ìyá òun láti ọ̀sẹ̀ méjì, kí Àǹtí bá òun fi kan ṣoṣo ránṣẹ́. Ọkàn mi rọ̀. Mo lọ mú díráìfù wá. A so wáyà mọ́ ọn. Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́. Ó ń dún, kò dákẹ́, iná rẹ̀ dúró gbọnin, kò ṣẹ́jú. Kọ̀ǹpútà ní òun kò rí nǹkankan. Ó yọ wáyà, ó tún un so, ó yí i padà sí ojú ihò mìíràn. Kẹ́. Kẹ́.

"Ibo lẹ tọ́jú nǹkan yìí sí?"

Mo ní kó tún wáyà náà so.

"Ẹ̀gbọ́n! Ibo ni?"

Mo sọ fún un. Òkè ààrò. Mo fi aṣọ wé e, mo fi sínú agolo wàrà, mo dé e, mo fi wáyà gbé e kọ́ sí igi tó wà lókè iná. Ibẹ̀ ni bàbá mi ń fi àgbàdo tó fẹ́ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ kọ́ sí. Nígbà tí kòkòrò bá ti sọ ti gbogbo àdúgbò di ìyẹ̀fun, tiwa nìkan ló ń hù. N kò rí irúgbìn kan rí tí èéfín pa.

"Irúgbìn?" ló wí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń dáná sábẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì!"

Omi ìyàwó mi ni mò ń sè. Mo sọ ọ́ fún un. Mo ní omi ọ̀fun rẹ̀ ni.

Ìgbà náà ni ìyàwó mi pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan láti orí ibùsùn. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fi ìka pè mí, ó sì ṣe ohun tí nọ́ọ̀sì ní kó má ṣe. Ó sọ̀rọ̀. Èémí ló kù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.

"Bàbá wọn, ẹ ti sè mí."

Èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ẹ̀rín ni. N kò rí ojú rẹ̀ dáadáa.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹta

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, oníkùn ńlá kan tó fi okùn so gíláàsì ojú mọ́ ọrùn. Ohun tó kọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àbúrò ìyàwó mi ṣe kà á, ni Dókítà Kọ̀ǹpútà. Ó di dókítà méjì nínú ọ̀rọ̀ ilé wa.

"Bàbá, ilé ìdáná ni nǹkan yìí ń rùn bí."

"Ṣé ó máa yè?"

Ó gbé e sí etí, ó gbọ́ ọ díẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìṣe dókítà yẹn gan-an. "Abọ́ pẹlẹbẹ kan ló ń yí nínú rẹ̀, apá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń kà á. Apá yẹn ń wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, kò rí i. Mi ò lè ṣí i níbí, sà. Eruku kan ṣoṣo tó bá bà lé e, ó parí. Ọ̀gá mi ní ìlú ńlá ní yàrá tí eruku kì í wọ̀. Mo máa fi rán an."

"Ọjọ́ mélòó?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má retí ohun púpọ̀." Ó wò mí. "Ṣé ẹ̀dà kò sí níbòmíràn?"

Àbúrò ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wo ilẹ̀. Kò sọ ohun tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ. Mo ní kó kọ ìyẹn pẹ̀lú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ karùn-ún

Ọmọ wa ti wá inú fóònù rẹ̀ kiri. Kò rí nǹkankan. Ìpè ni ìyá rẹ̀ máa ń pè é, ìpè kì í dúró dè ni.

Mo gbé fóònù sí ẹnu ìyàwó mi lónìí pé kó gbìyànjú, ọ̀rọ̀ kan péré. Ó gbìyànjú. Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ kí a gbọ́, atẹ́gùn ni. Ó tì mí lọ́wọ́ kúrò.

Kílò mẹ́rìndínláàádọ́ta. Òjò rọ̀ nígbẹ̀yìn, ó sì wó ògiri ilé adìyẹ. Èmi ni mo mọ ògiri náà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ

Ilé ìwòsàn. Ibùsùn kẹrin láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti fi kálàmù fa ìlà sí i lọ́rùn, ibi tí ọ̀bẹ yóò gbà. N kò lè wo ibẹ̀, n kò sì lè wo ibòmíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó fà mí ní aṣọ. Mo tẹrí ba sí i. Ó fi ètè kan etí mi, ó sì sọ ohun kan fún mi. Kò gùn. Fóònù wà lápò mi, n kò yọ ọ́.

Àbúrò rẹ̀ bi mí pé kí ni kí òun kọ. Mo ní kó kọ pé ó sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Wọ́n gbé e wọlé ní aago mẹ́jọ. Wọ́n gbé e jáde ní aago méjì kọjá. Ó wà láàyè.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Ó jí dáadáa lónìí. Rọ́bà kan wà lójú ihò ọrùn rẹ̀, ó ń mí láti ibẹ̀ pẹ̀lú ìró kékeré. Nígbà tó rí mi, ó la ẹnu. Gbogbo ojú rẹ̀ pè mí, ẹnu rẹ̀ pè mí, nǹkankan kò jáde. Ó tún un ṣe. Ó wá rántí, ó pa ẹnu dé, ó sì yí ojú sí ògiri.

Mo sọ̀rọ̀, mo sọ̀rọ̀. N kò mọ ohun tí mo sọ. Nọ́ọ̀sì wá ní kí n lọ jókòó síta.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Ó ti wálé. Kílò mẹ́rìnlélógójì. Wọ́n ń fi rọ́bà bọ́ ọ láti ihò imú.

Dókítà Kọ̀ǹpútà náà wá fúnra rẹ̀, ó ní kì í ṣe ohun tí òun fẹ́ sọ lórí fóònù. Nínú mẹ́tàlélógójì, méje ni ọ̀gá rẹ̀ rí yọ. Ìyókù ti lọ, kò sí ẹni tó lè rí i yọ mọ́. Ó ti kó méjèèje síbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láìjẹ́ pé mo ní kó ṣe é, ó sì fi ọ̀kan nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ wa lójú mi. N kò bá a jiyàn.

A jókòó yí ibùsùn ká, a tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ kékeré kan tó kó wọn sí.

Èyí àkọ́kọ́: èmi ni. Mò ń pariwo. "Sún mọ́ ọn! Sọ̀rọ̀ sókè, kò gbọ́ ọ!" Ó wúkọ́. Ó tán.

Èkejì, ìtàn ojú odò. Ó ní, "Mo ní kí ẹ gbé ẹsẹ̀ yín—" Mo ní, "Dúró ná, kì í ṣe ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, jẹ́ kí n là á yé wọn." Mo sì là á yé wọn, mo là á yé wọn títí ó fi parí. Ẹ̀kẹta, ariwo adìyẹ àti ariwo mi. Ẹ̀kẹrin, orin tó fi ń pọn ọmọ, ìlà kan àbọ̀, lẹ́yìn náà ohùn mi: "Bẹ̀rẹ̀ látòkè, o ti gbé e wálẹ̀ jù." Ẹ̀karùn-ún àti ẹ̀kẹfà, èmi. Nínú èkeje, ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ohùn rẹ̀ mọ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi," mo sì dá a lóhùn.

Ojú ọkùnrin oníkùn náà wà lára bàtà rẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi, tí mo rò pé yóò sọ ọ̀rọ̀ tó ti ń dì mọ́nú láti oṣù kan, kò sọ ọ́. Ó kàn bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bó ṣe rí nìyí nínú gbogbo rẹ̀?"

N kò mọ̀. Mo wà níbẹ̀ nínú gbogbo mẹ́tàlélógójì, n kò mọ̀. Mo rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Ìyàwó mi nawọ́ gba ẹ̀rọ náà. Ó wá bọ́tìnnì rẹ̀ kiri, ó rí i, ó tún un tẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ

Kílò márùndínláàádọ́ta. Ó sùn dáadáa. Kò fi ìbínú kankan hàn mí.

Láràárọ̀, tí wọ́n bá ti bọ́ ọ tán, ó máa ń nawọ́ kí wọ́n gbé nǹkan náà fún un. Ó ń gbọ́ méjèèje láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò mọ̀ bóyá ohùn ara rẹ̀ ló ń wá nínú rẹ̀ tàbí tèmi. N kò lè bi í, nítorí ó lè kọ ìdáhùn sílẹ̀ fún mi, àbúrò rẹ̀ yóò sì ní láti kà á sí mi létí.

Mo ti gbé àga mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó wó. Kò jìnnà tó. Mò ń gbọ́ ara mi nínú ilé, tí mò ń pariwo mọ́ ọn pé kó sọ̀rọ̀ sókè. Nǹkan náà máa ń dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Lẹ́yìn náà, ohùn mi yóò tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè pa mí lẹ́nu mọ́ nínú nǹkan yẹn.